Ẹ Máa Ka Ẹ̀kán: Bí Amóníà àti Àwọn Ẹbí Rẹ̀ Ṣe Ń Bá Iyọ̀ Mẹ́táàlì Lò Nínú Omi

Ní ilé-ìwé kan ní Kubwa tí n kò ní dárúkọ, gbogbo kíláàsì mi ló kọ ìdáhùn kan náà lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn ló sì gba òdo. Iyọ̀ bàbà ni mo gbé fún wọn, èyí tí ọmọ SS2 yẹ kó fi ojú lásán dá mọ̀. Wọ́n kán amóníà sí i, nǹkan búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ hàn. Wọ́n kán an sí i, wọ́n tún kán an sí i, nǹkan náà jókòó sísàlẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Àǹtí, tèmi ò yòrò o!" Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe é fún un. Tèmi náà ò yòrò.

Àwọn ọmọ kọ́ ló jẹ̀bi. Ìgò amóníà yẹn ti wà lórí pẹpẹ láti ìgbà ọyẹ́, ìdérí rẹ̀ kò dì dáadáa, ooru oṣù Kẹta Àbújá sì ti fa ẹ̀mí inú rẹ̀ jáde. Ohun tó kù nínú rẹ̀ lágbára tó láti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí amóníà ń ṣe, agbára rẹ̀ ò ká ìkejì. Látìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ ìdánwò WAEC tàbí NECO lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé pé kó má há tábìlì àwọ̀ sórí kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni olómi kan yìí ń ṣe.

Iṣẹ́ méjì tó wà lọ́wọ́ amóníà

Náítírójìn inú amóníà, NH₃, ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí kò fi di ẹnikẹ́ni mú. Ẹ fojú wò ó bí ọwọ́ kan tó ṣófo. Tí amóníà bá wọ inú omi, ó lè fi ọwọ́ yẹn já H⁺ gbà lára omi, kí omi náà sì di OH⁻. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Díẹ̀ ni wọ́n tó ń ṣe é: nínú amóníà 0.1 mol/dm³ (mol/dm³ ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú olómi), bí ẹ bá ka amóníà 100, bíi 1 péré ló já nǹkan gbà. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù ṣì na ọwọ́ òfìfo.

OH⁻ díẹ̀ yẹn ló ń lọ lẹ̀ mọ́ mẹ́táàlì. Bàbà nínú omi kì í dá wà, omi ló yí i ká. Tí OH⁻ méjì bá ti bá a, kò ní agbára iná kankan mọ́ tí yóò fi bá omi ṣọ̀rẹ́, yóò sì di Cu(OH)₂, yóò rọ̀ sísàlẹ̀. Ohun tí ìwé ìdánwò ń pè ní precipitate yìí ni mo ń pè ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ níbí, nítorí pé ẹni tó bá ti da epo pupa láti inú kẹ́ẹ̀gì mọ ohun tí mò ń wí.

Iṣẹ́ kejì wá di ti àwọn tó ṣì na ọwọ́ òfìfo. Tí wọ́n bá ti pọ̀ tó, wọ́n á ti omi sẹ́yìn, wọ́n á fúnra wọn di bàbà mú, mẹ́rin lára bàbà kan. [Cu(NH₃)₄]²⁺ nìyẹn, ó sì máa ń yòrò. Bí wọ́n ṣe ń kó bàbà inú omi mọ́ra ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń tú láti fi dípò rẹ̀, títí kò fi ní ku nǹkan kan nísàlẹ̀.

Amóníà tó ti rọ lè mú OH⁻ díẹ̀ wá, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́wọ́ òfìfo rẹ̀ ò tó kó bàbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Kubwa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ máa tọ́jú sílẹ̀

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Pure water ò dáa fún iṣẹ́ yìí, omi ọmọlanke mai ruwa ò dáa rárá: chloride inú wọn á jẹ́ kí iyọ̀ fàdákà funfun kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, omi kànga dẹ́rọ̀ míì sì ní irin nínú. Omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ padà di omi ni ẹ fẹ́, irú èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì mọ́tò. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè dáadáa o, torí pé ásíìdì bátìrì máa ń wà nínú ike tó jọ ọ́.

Fún 100 cm³ tó jẹ́ 0.1 mol/dm³, ẹ wọn 2.5 g CuSO₄·5H₂O, tàbí 2.9 g ZnSO₄·7H₂O, tàbí 2.7 g FeCl₃·6H₂O, tàbí 2.8 g FeSO₄·7H₂O. Álúmù tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, tó wà lọ́jà gbogbo, tó fún Al³⁺, 4.7 g ni kí ẹ wọn. FeSO₄ ní ìwà tirẹ̀: àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lò ó gan-an ni kí ẹ pò ó, kí ẹ sì kán ásíìdì sulphuric tí a ti là sí i díẹ̀. Tí ẹ bá pò ó lálẹ́ àná, irin inú rẹ̀ á ti máa pọ́n kí àwọn ọmọ tó dé.

Amóníà wá kù. Èyí tí wọ́n kọ 0.880 sí lára ìgò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 18 mol/dm³. Tí ẹ bá wọn 11 cm³ rẹ̀ sínú omi, tí ẹ fi omi kún un dé 100 cm³, ẹ ti ní 2 mol/dm³, òun lẹ máa lò. Kí ẹ tó ṣí ìgò ńlá náà lásìkò ooru, ẹ gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí áísì-búlọ́ọ̀kù wà nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Afẹ́fẹ́ amóníà tó há sábẹ́ ìdérí lè tú sí ẹni lójú, ojú tí amóníà bá sì wọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ wọ awò ìdáàbòbò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì tọ́jú omi púpọ̀ sí ìtòsí. Ọ̀pọ̀ láábù wa ni kò ní fume cupboard, àpótí tó ń fa èéfín jáde síta, tàbí tó ní in tí iná ò sí láti fi ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ni èmi máa ń ṣe é, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀yìn mi lọ. Ìgò ásíìdì hydrochloric kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín funfun á bo gbogbo tábìlì. Ẹ má sì jẹ́ kí amóníà pàdé bílíìṣì láé, ìbáà jẹ́ nínú ṣínkì tí ẹ ń fọ̀: èéfín tó ń jáde látinú àwọn méjèèjì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Tí ìgò yín bá ti pẹ́, ẹ wọn agbára rẹ̀ kí ẹ tó fi kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. 10 cm³ amóníà 2 mol/dm³ gbọ́dọ̀ gba 20 cm³ HCl tó jẹ́ 1 mol/dm³. Methyl orange, aró tó ń yí àwọ̀ padà nígbà tí ásíìdì bá ti tó, ni kí ẹ fi wò ó, kì í ṣe phenolphthalein. Tí 5 cm³ ásíìdì bá ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹ̀rí ti délé.

Bàbà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ da 2 cm³ iyọ̀ bàbà sínú test tube. Ẹ fi dírọ́pà kán amóníà 2 mol/dm³ sí i, ẹ̀kán kan, kí ẹ mì ín, kí ẹ wò ó. Bíi 20 ẹ̀kán ló wà nínú 1 cm³. Mo máa ń fẹ́ kí ọmọ ka ẹ̀kán sókè, bí ẹni ń ka owó níwájú oníbàárà.

Láàárín ẹ̀kán 1 sí 4, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ á máa pọ̀ sí i, á máa yọ̀ bí ògì tí kò tíì jinná. Níbí lọmọ tó ń kánjú ti máa ń pàdánù máàkì: ó ti da amóníà gbàà sí i, kò sì rí ipele àkọ́kọ́ yìí rárá. Ẹ dúró. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ báyìí, ẹ má fi dìgbà tó bá yá.

Ẹ wá máa kán lọ. Lórí ìwé, 2 cm³ bàbà yín nílò amóníà ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn 0.4 cm³, ẹ̀kán 8. Nínú test tube, yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí pé amóníà gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nínú omi kí àwọn mẹ́rin tó di bàbà mú má baà jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní ẹ̀kán 20 sí 30. Ẹ ó rí i tí ẹsẹ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á máa yọ búlúù dúdú, tí gbogbo rẹ̀ á wá mọ́ kedere lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọ̀ rẹ̀ á dà bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ yọ nínú rẹ̀, irú èyí tí ẹ máa rí ní kòtò aró Kofar Mata ní Kano tàbí nílé alàdírẹ Òṣogbo. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n fi jọra o. Ewé ni aró yẹn ti wá.

Ẹ wá ṣírò ti ìgò Kubwa. Ká ní agbára rẹ̀ ti bọ́ sí 0.2 mol/dm³: ẹ̀kán 8 orí ìwé di 80, ìyẹn 4 cm³, ìlọ́po méjì iyọ̀ tó wà nínú test tube, kò sì tíì tó. Ta ni yóò kán ọgọ́rin ẹ̀kán nínú ìdánwò?

Kí ló dé tí àwọ̀ náà fi jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bàbà tí omi yí ká ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní nǹkan bí 800 nm (òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), létí ibi tí ojú wa ti ń parí sí lápá pupa, kò sì gbé púpọ̀ mì. Amóníà fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bàbà mọ́lẹ̀ ju omi lọ, ó sì sún ibi tó ń gbé mì wá sí nǹkan bí 600 nm, láàárín ibi tí ojú ti ríran dáadáa. Ohun tó ṣẹ́kù fún wa láti rí ni búlúù tó dúdú.

Àwọn yòókù

Ọ̀nà kan náà ni, 2 cm³, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Fe³⁺, irin inú FeCl₃, á pọ́n bí irin tó dípẹtà, kò sì ní yòrò bí ẹ tilẹ̀ da gbogbo ìgò sí i. Fe²⁺, irin inú FeSO₄, á dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ìdọ̀tí-ìdọ̀tí, bí ewédú tó sùn mọ́jú. Òun náà kì í yòrò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dúró, ẹ ó rí i tí òkè rẹ̀ tó kan afẹ́fẹ́ á máa pọ́n. Mn²⁺, ti máńgánísì, á funfun, á sì di àwọ̀ ilẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Àwọn funfun mẹ́ta ló ń da àwọn ọmọ láàmú: síńkì, álúmíníọ́mù, òjé. Amóníà gan-an ló ń yà wọ́n. Ti síńkì á yòrò nínú amóníà tó pọ̀, ti méjì yòókù kò ní yòrò. Tí ẹ bá lo NaOH, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yòrò, kò sì sí ohun tí ẹ rí kọ. Láti mọ òjé yàtọ̀ sí álúmíníọ́mù, ẹ mú tuntun, ẹ kán potassium iodide sí i: òjé á di yẹ́lò rírẹ̀dòdò. Kálísíọ́mù kì í fún amóníà ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Àìsí yẹn fúnra rẹ̀ ìdáhùn ni.

Nígbà tí ẹ bá ní níkẹ́ẹ̀lì àti kóbọ́ọ̀tì, olùkọ́ nìkan ni kó fọwọ́ kàn wọ́n, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, torí pé iyọ̀ wọn lè fa jẹjẹrẹ. Níkẹ́ẹ̀lì ń fún ni ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àwọ̀ ewé tó ń di omi búlúù. Kóbọ́ọ̀tì ń fún ni ní búlúù tó ń yòrò sí àwọ̀ koríko gbígbẹ, tí afẹ́fẹ́ á wá sọ di pípọ́n. Iyọ̀ kóbọ́ọ̀tì àti amóníà yìí kan náà ni Alfred Werner, onímọ̀ kẹ́míkà, ń wò nígbà tó sọ ní 1893 pé mẹ́táàlì ní ìjókòó tó ní iye yí ara rẹ̀ ká. Ó mú iyọ̀ tó ní chloride mẹ́ta pẹ̀lú amóníà mẹ́fà, silver nitrate, tó máa ń sọ chloride di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun, rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí amóníà di márùn-ún, méjì ló rí. Nígbà tó di mẹ́rin, ọ̀kan. Chloride tó bá ti gba ìjókòó amóníà kì í dáhùn mọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1913. Ohun tí kíláàsì SS3 ń fi ojú ṣe ni ó fi ìṣirò ṣe, ó sì máa ń dùn mọ́ mi láti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Kí ló dé tí irin àti álúmíníọ́mù fi ń kọ̀ láti yòrò? Wọ́n fẹ́ràn ọ́síjìn ju náítírójìn lọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Fe(OH)₃ dì tó bẹ́ẹ̀ tí iye tó ń tú nínú omi fi kéré ju ti Cu(OH)₂ lọ fíìfíì, amóníà kò sì rí ẹni tó máa dì mú.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń dojú rú

Ìgò tó ti rọ ni mo ti sọ. Èkejì ni iyọ̀ tí ásíìdì wà nínú rẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan. Ọmọ á kọ pé kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Irọ́ ni, ásíìdì ló ń jẹ amóníà náà ní àjẹtán kó tó kan mẹ́táàlì. Ẹ fi lítímọ́ọ̀sì wò ó: bí kò bá tíì di búlúù, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí iyọ̀ amóníọ́mù ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀. NH₄⁺ kì í jẹ́ kí OH⁻ pọ̀, nítorí náà Mn²⁺ àti magnésíọ́mù lè má ṣubú rárá, bàbà sì lè fo ipele àkọ́kọ́ lọ tààrà sí búlúù dúdú. Kì í ṣe àléébù nígbà gbogbo. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dà á sí i kí irin àti álúmíníọ́mù lè dá ṣubú, kí àwọn yòókù dúró.

Àwọn ẹbí amóníà

Ẹ yọ háídírójìn kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára amóníà, ẹ fi ẹ̀ka kábọ́nù dípò rẹ̀, ó ti di amíìnì. Ẹ mọ òórùn wọn: ti ẹja òkun tó ń bàjẹ́, trimethylamine ni. Ọwọ́ òfìfo yẹn ṣì wà lára gbogbo wọn, iṣẹ́ méjì yẹn náà sì ni a ó fi wò wọ́n.

Methylamine lágbára ju amóníà lọ ní iṣẹ́ àkọ́kọ́, bíi ìlọ́po 24. Kán an sí FeCl₃, ohun pípọ́n kan náà á ṣubú. Kán an sí bàbà, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà búlúù dúdú. Ó mọ iṣẹ́ méjèèjì. Triethylamine ńkọ́? Ó mọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ dáadáa, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ṣubú, ṣùgbọ́n ẹ̀ka mẹ́ta tó gbé sórí ti sanra jù, mẹ́rin irú rẹ̀ kò lè jókòó yí bàbà kan ká, bí ìyàwó mẹ́rin tó wé gèlè ńlá nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á dúró síbẹ̀. Aniline ní tirẹ̀ ti ya ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ fún òrùka tó so mọ́, ó rọ ju amóníà lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, kò lè ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ débi tó máa ṣojú ẹni.

Èyí tó dùn ún wò jù ni ethylenediamine, tí àwọn oníláábù ń pè ní en. Ọwọ́ òfìfo méjì ló ní, ó sì ń fi méjèèjì mú mẹ́táàlì kan, bí akàn ṣe ń fi èékánná méjì mú nǹkan. Ẹ mú omi búlúù dúdú tí bàbà àti amóníà ṣe, ẹ kán en tí a ti là sí i: búlúù náà á yí sí àwọ̀ elésè àlùkò, amóníà á sì bọ́ síta, imú yín á sọ fún yín. Lórí níkẹ́ẹ̀lì, ẹ fi en ọ̀kan sí níkẹ́ẹ̀lì kan, ó di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Méjì, búlúù gan-an. Mẹ́ta, elésè àlùkò. En méjì tó di bàbà mú lágbára ju amóníà mẹ́rin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ náítírójìn mẹ́rin náà ni. Ìdí rẹ̀ ni pé méjì wọlé, omi mẹ́rin jáde. Ohun tó wà lómìnira nínú omi pọ̀ sí i, ìyípadà kẹ́míkà sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Tí ọwọ́ kan bá sì yọ̀, ìkejì ṣì dì í mú títí ti àkọ́kọ́ yóò fi padà. En ń jó ara, ó sì lè fa èémí dídí fún ẹlòmíì, nítorí náà ìta gbangba ni o.

Fàdákà, àti wáyà iná

Silver nitrate ń fún amóníà ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àwọ̀ ilẹ̀ ní ẹ̀kán àkọ́kọ́, Ag₂O ni, ó sì ń yòrò kíákíá sí omi tí kò láwọ̀. Tí ẹ bá fi glucose gbóná sí i, ara ìgò á di dígí. Ẹ má gbé olómi yìí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá ti ń gbẹ ló ń ṣe ohun tó lè bú gbàmù bí ẹnì kan bá mì ín. Ẹ kán HCl sí i títí yóò fi funfun, ó tán.

Ẹni tí kò bá sì ní iyọ̀ bàbà lè lọ bá oníṣẹ́ iná, kó gba wáyà tó gé kù. Ẹ bó rọ́bà rẹ̀, ẹ fi í sínú amóníà nínú bíkà tí ẹ kàn fi àwo bò láìdì, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Láìpẹ́ omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búlúù láìsí ásíìdì kankan: ọ́síjìn ń jẹ bàbà, amóníà ń kó o lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ amúǹkan-tutù ńlá tó ń lo amóníà fi ń lo páìpù irin, kì í ṣe ti bàbà. Idẹ náà ò bọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ra àwo idẹ Bida, kó má fi amóníà dán an, nítorí bàbà àti síńkì ló pa pọ̀ di idẹ, méjèèjì sì wà nínú àwọn tí amóníà ń kó.

Ẹ má da èyí tó kù sí gọ́tà. Ẹ kó gbogbo omi bàbà jọ sínú ike kan, ẹ kán ásíìdì sulphuric tí a ti là sí i títí lítímọ́ọ̀sì á fi pọ́n, tí búlúù dúdú á padà di fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ju ìṣó irin mélòó kan sí i, kí ẹ fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Bàbà á ti bo ìṣó, omi á ti di àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ ti irin. Ti níkẹ́ẹ̀lì àti kóbọ́ọ̀tì, ike tiwọn ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára, kí ó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́.